Kókó eegun rírọ̀: bí a ṣe ń fi fọ́tò eegun ya jẹjẹrẹ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò léwu

Nínú gbogbo kókó tó ń yọ nínú eegun, èyí tó ti ara eegun rírọ̀ wá ló máa ń mú dókítà méjì jiyàn jù lórí fọ́tò kan náà. Ọ̀kan á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí aláìsàn máa lọ sílé. Èkejì á ní kí wọ́n gbé e lọ sí Kútọnu lọ́la. Kì í ṣe pé ọ̀kan nínú wọn kò mọṣẹ́. Èyí tí kò léwu àti jẹjẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ jọra gan-an, débi pé àwọn tó ń fi maikirosikópù wo ẹran ara pàápàá kì í fìgbà gbogbo fẹnu kò lórí wọn. Ohun tó ń gbani ni pé kí a má fi àmì kan ṣoṣo dájọ́, kí a sì gbà á ní ìpele-ìpele: ta ni, níbo ló wà, kí ni ràdíò (fọ́tò eegun lásán, X-ray) wí, kí ni sìkánà (ẹ̀rọ X-ray tó ń ya ara bí ẹni gé e ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ) àti IRM (ẹ̀rọ òòfà tó ń ya inú ara) wí, kí ọ̀bẹ tó dé.

Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń ya ràdíò ní Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni mo ní lọ́kàn, àti ẹbí tí wọ́n gbé àpòòwé fọ́tò ńlá lé lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé èsì tí wọ́n fi Faransé kọ. Ẹbí kò gbọdọ̀ fi ohun tí mo kọ síbí ṣe dókítà ara wọn nílé. Kí wọ́n fi mọ ìbéèrè tó yẹ ní bíbéèrè ni.

Àwọn orúkọ tí ẹ máa bá nínú ìwé èsì

Eegun rírọ̀ ni ohun funfun tó ń dán tó bo orí eegun ní oríkèé. Òun náà ló wà ní etí àti ní góńgó imú wa. Lára ọmọdé, òun ni eegun fi ń gùn kó tó le. Bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá ṣẹ́kù sínú ihò eegun tó sì ń dàgbà níbẹ̀, “chondrome” tàbí “enchondrome” ni wọ́n máa kọ. Bí ó bá yọ síta lára eegun, tí eegun rírọ̀ sì dé e lórí, “exostose” tàbí “ostéochondrome” ni. Àwọn méjèèjì yìí kò léwu, wọ́n sì wọ́pọ̀; àìmọye ènìyàn ló ní wọn láìmọ̀. “Chondroblastome” kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń ṣe jù, ní ìparí eegun gan-an lẹ́bàá oríkèé, òun náà kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ.

“Chondrosarcome” ni jẹjẹrẹ. Àgbàlagbà ló sábà ń mú, láti nǹkan bí ogójì ọdún sókè, wọ́n sì pín in sí ipele 1, 2 àti 3. Ipele 1 ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kì í sábà kúrò níbi tó wà. Ipele 3 a máa sá lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Nínú ìpínsọ́tọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020, ipele 1 tó bá wà nínú eegun gígùn apá àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè ní “tumeur cartilagineuse atypique”. Èyí tó bá wà ní ìbàdí, ìhà tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn ṣì ń jẹ́ chondrosarcome, nítorí pé ibẹ̀ nira láti yọ tán, ó sì ń padà wá. Nítorí náà, ẹ má yọ̀ jù tàbí kẹ́rù bà yín jù nítorí orúkọ nìkan. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí kókó náà wà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bi aláìsàn léèrè kẹ́ ẹ tó gbé fọ́tò sójú iná

Ọjọ́ orí ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún 15 tó ní kókó eegun rírọ̀ nínú ìka ọwọ́ kì í já wa láyà. Bàbá ẹni ọdún 55 tó ní tirẹ̀ ní ìbàdí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ìrora ló tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n “ṣé ó ń dùn yín?” kò tó. Àgbẹ̀ wo ni orúnkún kò dùn rí? Ẹ béèrè bóyá ó ń jí wọn lóru, bóyá ó ń dùn wọ́n nígbà tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ láìgbé nǹkan kan, bóyá ó ń le sí i láti oṣù dé oṣù. Irú ìrora yẹn ló ń mú ìfura wá. Ọ̀pọ̀ chondrome èjìká tàbí orúnkún la kàn ṣèèṣì rí nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò nítorí làkúrègbé tàbí iṣan tó fà. Ìrora wà lóòótọ́, kókó náà kọ́ ló fà á. Ẹ fọwọ́ tẹ ibẹ̀, ẹ yí oríkèé náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bó bá jẹ́ oríkèé ló ń dùn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ máa fi ránṣẹ́, torí dókítà tó máa ka fọ́tò ní ìlú mìíràn kò ní rí aláìsàn sójú.

Ẹ tún béèrè bóyá ó ń tóbi sí i. Exostose máa ń dàgbà pẹ̀lú ọmọ, ó sì yẹ kó dúró nígbà tí ọmọ náà bá dẹ́kun gíga. Èyí tó ti wà lójú kan láti ìgbà èwe, tó wá ń wú tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹni ọdún 35, kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú láìjẹ́ pé ẹ ti kọ ìwé fún un láti lọ ya fọ́tò.

Ṣé ẹyọ kan ni àbí ó pọ̀? Bí chondrome bá pọ̀ nínú eegun púpọ̀, pàápàá tó bá pọ̀ sí apá kan ara ju èkejì lọ, ó lè jẹ́ àrùn Ollier. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá tún wú sábẹ́ awọ ara pẹ̀lú rẹ̀, àrùn Maffucci ni wọ́n ń pè é. Àwọn méjèèjì kì í ṣe àjogúnbá, ṣùgbọ́n ewu pé ọ̀kan nínú àwọn kókó náà lè di jẹjẹrẹ ga ju ti ẹni tó ní ẹyọ kan lọ fíìfíì. Exostose tó pọ̀ lára ẹnì kan, àjogúnbá nìyẹn sábà máa ń jẹ́; ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá, ìyá àti àwọn ẹ̀gbọ́n, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ kan orúnkún wọn.

Ìbéèrè kan wà tí ìwé àwọn òyìnbó kì í fi síwájú, àmọ́ tó gbọ́dọ̀ wà níwájú lọ́dọ̀ wa: ṣé SS tàbí SC, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, ni aláìsàn? Mo máa sọ ìdí rẹ̀ nígbà tá a bá dé orí ràdíò.

Ìkẹyìn, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ti ṣe sí i. Ṣé teguntegun ti fà á, ṣé wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ síbẹ̀, ṣé wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́? Ẹ bi wọ́n láìgbójú mọ́ wọn, torí ẹni tí ẹ bá bú kò ní sọ òótọ́. Ara tí wọ́n ti fà tàbí tí wọ́n ti gún máa ń wú, wíwú yẹn á sì hàn lórí IRM bíi pé jẹjẹrẹ ló fà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: ibi tí kókó náà wà

Bí kókó eegun rírọ̀ bá ṣe ń sún mọ́ àárín ara ni ìfura ṣe ń pọ̀ sí i. Mo gbà pé èyí ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ̀rọ kankan máa sọ lọ.

Eegun kéékèèké ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni chondrome fẹ́ràn jù. Níbẹ̀, ó lè jẹ ògiri eegun títí ògiri á fi tín-ín-rín, ó lè mú ìka wú, ìka lè tilẹ̀ kán lórí rẹ̀ nígbà tí ènìyàn ń gún iyán, kó má sì jẹ́ jẹjẹrẹ rárá. Chondrosarcome ìka ọwọ́ ṣọ̀wọ́n gan-an. Ohun tí a máa kà sí ewu nínú eegun itan, a lè dárí jì í nínú ìka.

Nínú eegun gígùn, ìyẹn òkè apá, itan àti ojúgun, ibẹ̀ ni iyàn pọ̀ sí jù, torí àti chondrome àti jẹjẹrẹ ló ń gbé ibẹ̀. Ní ti ìbàdí, eegun ìhà, eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká, eegun àyà àti ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ mú un pé jẹjẹrẹ ni títí àyẹ̀wò á fi sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àgàgà lára àgbàlagbà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ràdíò

Ẹ má fo ràdíò lọ sórí IRM, bí owó tilẹ̀ wà. Ràdíò ló ń fi èérún funfun àti ògiri eegun hàn nínú àwòrán kan tó rọrùn láti kà, òun náà ló sì wà nítòsí. Ẹ ya eegun náà látòkè délẹ̀ pẹ̀lú oríkèé tó wà lókè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi lẹ́tà G tàbí D sí i kí wọ́n lè mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Fọ́tò tí wọ́n yà láti iwájú nìkan lè fi ògiri tó ti jẹ mọ́ ẹ̀yìn pa mọ́. Obìnrin tó bá lè ti lóyún, ẹ bi í kó tó wọlé.

Nígbà tí fọ́tò bá jáde, ẹ kọ́kọ́ wá èérún funfun inú kókó náà. Ti eegun rírọ̀ máa ń yí po bí òrùka kéékèèké, tàbí kó rí bíi gúgúrú tí wọ́n dà sínú eegun. Èyí kàn ń sọ fún yín pé eegun rírọ̀ ni. Kò sọ bóyá ó léwu. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ti gbọ́ “calcification”, orúkọ èérún funfun yìí ní Faransé, tí ọkàn wọn fò, láìnídìí. Ohun tó yẹ kó kọ ẹnì kan lóminú ni pé kí funfun tó wà nínú fọ́tò ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pòórá nínú ti òní, kí ibi dúdú wá gba ipò rẹ̀. Èyí jọ pé nǹkan kan ń jẹ ẹ́ run.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ògiri eegun láti inú. Kókó eegun rírọ̀ ń dàgbà ní ìṣùpọ̀-ìṣùpọ̀, ìṣùpọ̀ kọ̀ọ̀kan a sì máa gbẹ́ ògiri díẹ̀díẹ̀. Ẹ fojú díwọ̀n jíjìn ihò tó gbẹ́. Bí ó bá ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ìnípọn ògiri lọ nínú eegun gígùn, ìfura ti wọlé. Ẹ tún wo bí gbígbẹ́ náà ṣe gùn tó: ibì kan ṣoṣo yàtọ̀ sí gbígbẹ́ tó bá kókó náà lọ látòkè dé ìsàlẹ̀. Àmọ́, bí chondrome kékeré bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri dípò àárín, ó lè gbẹ́ ẹ jìn láìṣe jẹjẹrẹ. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wo ibi tó jókòó sí kí ẹ tó pariwo.

Ẹ wá bọ́ síta ògiri. Ṣé eegun ti fẹ̀, tí ògiri rẹ̀ sì nípọn ju ti ẹsẹ̀ kejì lọ? Ṣé ògiri ti já? Ṣé awọ tó bo eegun ti ń so eegun tuntun? Ṣé òjìji kan wà nínú ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú èyí burú nínú eegun gígùn tí kò kán. Bí ó bá kán, ẹ mọ̀ pé ojú egbò kíkán náà lè fara jọ gbogbo rẹ̀. Gígùn kókó tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ tún ń dá kún ìfura, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn chondrome ńlá kan wà tí wọn ò ṣe nǹkan kan.

Ní ti SS àti SC: ẹ̀jẹ̀ tó dí iṣan máa ń pa apá kan nínú mùdùnmúdùn eegun, ibi tó kú yẹn á sì le, á di funfun lórí fọ́tò. Àwọn tí ojú wọn kò tíì yá máa ń pè é ní chondrome, tàbí kí wọ́n ṣe aláìsàn ní ìpayà jẹjẹrẹ. Ẹ wo ibi tí funfun náà wà. Ti eegun tó kú sábà máa ń wà létí, ó máa ń lọ́ wọ́gọwọ̀gọ yí ibi náà ká. Ti eegun rírọ̀ wà láàárín, ó fọ́n ká ní òrùka-òrùka. Eegun tó kú kì í sì í gbẹ́ ògiri. Bí ibà bá wà pẹ̀lú rẹ̀, kòkòrò tó wọ eegun ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bó bá jẹ́ exostose

Ìbéèrè méjì ni. Èkíní: ṣé ògiri àti mùdùnmúdùn eegun ńlá náà wọnú kókó lọ tààrà láìsí ààlà? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, exostose ni lóòótọ́. Èkejì: báwo ni fìlà eegun rírọ̀ tó dé e ṣe nípọn tó? Lára ẹni tó ti dàgbà tán, bí fìlà náà bá ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, ẹ fura sí chondrosarcome. Ẹ má lo òǹkà yìí fún ọmọdé. Fìlà tiwọn lè nípọn torí pé wọ́n ṣì ń dàgbà.

Ràdíò kì í fi fìlà yìí hàn dáadáa. IRM ló ń wọ̀n ọ́n jù. Ṣùgbọ́n bí kókó náà bá wà nítòsí awọ, bíi ti orúnkún tàbí òkè apá, ekogiráfì tí wọ́n fi ń wo aboyún lè wọ̀n ọ́n, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀. Ẹ̀rọ náà tún máa ń tú àṣírí nǹkan mìíràn: àpò omi tó ń gbá jọ sórí exostose nítorí pé ẹran ń ha á. Àpò omi yìí lè wú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí gbogbo ilé máa sunkún jẹjẹrẹ. Omi ni. Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọnu, kí ẹni tó mọ ekogiráfì lò kọ́kọ́ wò ó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: sìkánà àti IRM

Iṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ rán ẹ̀rọ ló máa sọ èyí tí ẹ máa lo. Sìkánà mọ eegun: ó dára fún ìbàdí, ìhà àti ẹ̀yìn èjìká, níbi tí eegun ti bo ara wọn mọ́lẹ̀ lórí ràdíò, ó sì ń wọn jíjìn gbígbẹ́ ògiri ju ojú lọ. Bí jẹjẹrẹ bá ti hàn, sìkánà àyà ló ń wá a nínú ẹ̀dọ̀fóró.

IRM mọ mùdùnmúdùn àti ẹran. Eegun rírọ̀ kún fún omi, nítorí náà ó máa ń funfun gbòò lórí àwòrán T2, irú àwòrán IRM tí omi ti ń funfun, ní ìṣùpọ̀-ìṣùpọ̀. Àti chondrome àti chondrosarcome ló ń funfun bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín. Lórí T1, irú àwòrán IRM kejì, ni kí ẹ ti wá ọ̀rá. Bí ọ̀rá mùdùnmúdùn bá ṣì wà láàárín àwọn ìṣùpọ̀ náà, ara chondrome ló jọ, torí jẹjẹrẹ máa ń lé ọ̀rá jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ohun tó yí i ká: omi wíwú nínú mùdùnmúdùn tàbí nínú ẹran, ògiri tó já, kókó tó ti jáde sínú ẹran. Chondroblastome nìkan ló yàtọ̀ pátápátá. Kò léwu bíi jẹjẹrẹ, síbẹ̀ omi wíwú tó yí i ká máa ń pọ̀ débi tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á fi bẹ̀rù. Níbi tí wọ́n bá ti lè gún gadolinium, oògùn tó ń mú kí àwòrán IRM hàn dáadáa, kí wọ́n sì ya àwòrán léraléra bó ṣe ń wọlé, kókó tó bá mu ún kíákíá lẹ́yìn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá mu ún jẹ́ àmì tó tì sí ọ̀dọ̀ jẹjẹrẹ.

Òòfà ni ẹ̀rọ IRM. Ẹ bọ́ ìfúnpá, òrùka àti ìgbàdí tó ní irin nínú kí aláìsàn tó wọlé, kẹ́ ẹ sì bi àwọn ọdẹ bóyá ọta ìbọn wà lára wọn. Bí wọ́n bá rọra bi wọ́n níta, níbi tí ọ̀pọ̀ ojú kò sí, wọ́n máa ń sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ kó àmì náà pọ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan láti Ṣábẹ, ẹni ọdún 48, ní kókó sẹ̀ǹtímítà 3 nínú òkè apá. Wọ́n ya fọ́tò torí pé kò lè gbé ọwọ́ sókè di gèlè. Òrùka funfun wà nínú rẹ̀, ògiri kò jẹ, ọ̀rá ṣì wà láàárín lórí IRM, iṣan èjìká ló sì fà ya. Chondrome nìyẹn. Kí wọ́n tọ́jú èjìká, kí wọ́n tún fọ́tò yà lẹ́yìn oṣù 6 sí ọdún kan, kí ó máa bá ọjà rẹ̀ lọ.

Ẹ wá sọ pé bàbá kan láti Kétu, ẹni ọdún 60, ní kókó sẹ̀ǹtímítà 9 nínú itan tó ń jí i lóru, ògiri ti nípọn, ibì kan ti já, kókó náà ti wọnú ẹran. Kò sí ohun tí à ń dúró dè. Kí ó lọ bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ eegun ní CNHU, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Kútọnu, tààrà.

Àárín méjèèjì ni wàhálà wà: ìrora díẹ̀, gbígbẹ́ díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 6. Nínú eegun apá tàbí ẹsẹ̀, fífi fọ́tò ṣọ́ ọ sàn ju kí a yára gbé ọ̀bẹ, torí ipele 1 ń rìn pẹ̀lẹ́. Ní ìbàdí, èmi kò ní dúró.

Ìgbésẹ̀ keje: gígé ẹran wò, àti àpòòwé

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé kókó náà wò kí gbogbo fọ́tò tó pé. Abẹ́rẹ́ lè bọ́ sí ibi tó rọ̀ṣọ̀mù nínú kókó tí apá mìíràn rẹ̀ ti burú, àwòrán ló sì ń fi ibi tó yẹ kí wọ́n gún hàn, àgàgà bí ibi kan bá wà tí èérún funfun kò sí, tó ń jẹ eegun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ní funfun. Dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ gangan ni kó yan ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́, torí ó máa gé ojú ọ̀nà náà kúrò pẹ̀lú kókó. Iṣẹ́ abẹ ni ìwòsàn chondrosarcome. Oògùn jẹjẹrẹ àti ìtànṣán kì í sábà ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí náà gígé tí kò mọ́ ní àkọ́kọ́ ń ná aláìsàn ní ẹsẹ̀ rẹ̀.

Fọ́tò àtijọ́ ló níye lórí jù nínú gbogbo ohun tí ẹbí lè gbé wá. Kókó tí kò yí padà láàárín ọdún márùn-ún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹ tọ́jú wọn síbi tí oòrùn àti òjò kò dé, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn wọn, kí ọmọ kankan má fi bo ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá fún yín ní CD dípò fọ́tò, ẹ ní kí wọ́n ṣí i sórí kọ̀ǹpútà lójú yín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí láti Kútọnu dé Ṣábẹ lé ní igba kìlómítà, CD tí kò ṣí kò sì wúlò fún dókítà kankan.